Jẹ́sì Yẹkínì tó wà ní gbàǹjo: ṣé òun ló fọwọ́ sí i lóòótọ́?

Ará Ọ̀fà kan béèrè:

"Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi, ẹ gbà mí o. Jẹ́sì Super Eagles kan wà ní gbàǹjo orí íntánẹ́ẹ̀tì, nọ́ńbà 9, tí wọ́n ní Ràṣídì Yẹkínì fi máàkà dúdú fọwọ́ sí lẹ́yìn. Ẹni tó ń tà á sọ pé Dallas ní Amẹ́ríkà ni Yẹkínì ti fọwọ́ sí i ní 1994, lẹ́yìn ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ àwa àti Bulgaria ní Ife-ẹ̀yẹ Àgbáyé. Owó ti dé 350,000 náírà, ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí wọ́n tì í. Ìwé ẹ̀rí wà pẹ̀lú rẹ̀, sítíkà tó ń dán gbinrin sì wà lára ìwé náà. Ọmọ Ìrà, ìlú Yẹkínì, ni bàbá mi, títí dòní wọ́n ṣì máa ń sọ ọjọ́ tí Yẹkínì di àwọ̀n mú tó ń sunkún. Mo fẹ́ fi ta wọ́n lọ́rẹ kí Iléyá tó dé. Mo ti fi ọwọ́ náà wé èyí tí mo rí lórí Google, wọ́n jọra gan-an. Ṣé kí n san án?"

*

Má tíì san kọ́bọ̀.

Fún ẹni tí kò mọ̀ mí: ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ni mo fi jókòó nídìí kántà báńkì kan níbí ní Ìlọrin kí n tó fẹ̀yìn tì. Kí ẹ̀rọ tó gba iṣẹ́ yẹn, ojú la fi ń dá ọwọ́ oníbàárà mọ̀. Wọ́n á mú ṣẹ́ẹ̀kì wá, a ó fa káàdì wọn yọ nínú dúrọ́ọ̀, a ó gbé méjèèjì síra, a ó wò ó. Mi ò ra jẹ́sì gbajúmọ̀ kankan rí. Àmọ́ ọwọ́ tí ọmọ aráyé fi ń tan ara wọn jẹ, mo ti rí i débi tó sú mi.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo máa sọ yóò bí àwọn kan nínú: pé ó jọ ti orí Google kò já mọ́ nǹkan kan. Ẹni tó fẹ́ ṣe ayédèrú, orí Google yẹn náà ló lọ. Dandan ni kó jọ ọ́! Èyí tí kò jọ ọ́ rárá lo lè tètè jù nù. Èyí tó jọ ọ́ gan-an ló ń fẹ́ wàhálà.

Ní kí ẹni tó ń tà á ya àwòrán mẹ́ta ránṣẹ́ sí ọ. Lébẹ́ẹ̀lì tó wà lọ́rùn àti èyí tí wọ́n rán mọ́ ìhà nínú. Ẹ̀yìn jẹ́sì náà tí wọ́n bá yí i sódì, kí a rí bí yíǹkì ṣe wọnú aṣọ. Àti ọwọ́ náà fúnra rẹ̀, kí wọ́n ya á sún mọ́ dáadáa, kí iná má kọ mànà sí i. Lẹ́yìn náà, bi í pé lọ́wọ́ ta lòun ti rà á, kí ẹni yẹn náà sì ti rí i lọ́wọ́ ta. Bó bá ń bínú sí ìbéèrè yẹn, ìwọ náà ti gbọ́ èsì.

*

Ẹni mẹ́fà ti fèsì. Mẹ́rin nínú wọn ni: "Ìwé ẹ̀rí wà, kí lẹ tún ń wá?"

Ta ló kọ ìwé ẹ̀rí náà? Ibẹ̀ ni mo ti máa bá yín jà. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń ta jẹ́sì ló tẹ̀ ẹ́, ohun tó ṣe ni pé ó wọ kóòtù Alíkálì, ó sì pe ara rẹ̀ ní ẹlẹ́rìí. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé àti bébà tó nípọn díẹ̀, atẹ̀wé èyíkéyìí lè bá yín ṣe ìwé ẹ̀rí tó dára jùyẹn lọ láàárín ìdajì wákàtí, wọ́n á tún fi wúrà kùn ún létí.

Ní Amẹ́ríkà, ní ìparí àwọn ọdún 1990, FBI, àwọn ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà, ṣe iṣẹ́ kan tí wọ́n pè ní Operation Bullpen. Wọ́n kó ẹgbẹ́ kan ní California tó ń ṣe ọwọ́ àwọn eléré ìdárayá àti òṣèré bí ẹni ń ṣe búrẹ́dì. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù níbẹ̀ ni pé wọ́n bá bọ́ọ̀lù baseball tí wọ́n ní Mother Teresa fọwọ́ sí. Ìyá arúgbó tó ń tọ́jú aláìsàn ní Kolkata, níbo ló ti pàdé baseball? Síbẹ̀ àwọn ọjà ẹgbẹ́ yẹn kì í jáde lásán, ìwé ẹ̀rí máa ń bá a rìn ni.

Àwọn ilé iṣẹ́ tó ń yẹ ọwọ́ wò fún owó wà lóòótọ́, bíi PSA, JSA àti Beckett. Nọ́ńbà wà lórí sítíkà wọn tí èèyàn lè tẹ̀ sójú òpó wọn. Bó o bá tẹ̀ ẹ́, má kàn wò ó pé nọ́ńbà jáde, ka ohun tí wọ́n kọ síwájú rẹ̀. Olè gbọ́n: á rí nọ́ńbà tòótọ́ lára bọ́ọ̀lù ẹlòmíì, á sì tẹ̀ ẹ́ mọ́ jẹ́sì tirẹ̀. Bí ìwé bá sì jẹ́ ojúlówó pátápátá, èrò ni wọ́n kọ síbẹ̀. Wọn ò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí i.

Ohun kan tún wà tí àwọn tó ń pariwo ìwé ẹ̀rí kì í rò. Ẹni tó máa yẹ ọwọ́ Muhammad Ali wò ní ọ̀kẹ́ àìmọye ọwọ́ Ali tó dájú tó lè fi wé e. Ti Yẹkínì ńkọ́? Mélòó ló wà níta tí a mọ ọjọ́ àti ibi tó ti kọ wọ́n? Níbi tí káàdì ò bá sí nínú dúrọ́ọ̀, kí ni kàṣíà fẹ́ fi ṣẹ́ẹ̀kì wé?

*

Ọmọ ilé-ìwé kan láti Tánkẹ́: "Bàbá, ẹ má bínú o, mo gbé àwòrán jẹ́sì náà lé ti Google lórí nínú fóònù mi. Ó bára mu láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, kò yẹ̀ rárá. Ṣé ìyẹn ò tó ẹ̀rí ni?"

Ọmọ mi, ìyẹn gan-an ló bà mí lẹ́rù.

Ní 1996, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó wọ táì gbé ṣẹ́ẹ̀kì 48,000 náírà wá sí kántà mi. Oníbàárà wa kan tó ń ta irin ló ni ín. Mo fa káàdì onírin yọ, ó jọ ọ́. Mo wá fẹ́ fi hàn pé mo mọṣẹ́. Mo gbé ṣẹ́ẹ̀kì lé káàdì lórí, mo na méjèèjì sókè síbi iná. Ó ṣe régí, ìlà lórí ìlà. Inú mi dùn, mo kà owó fún un. Ọjọ́ kẹta onírin wọlé pẹ̀lú ariwo, ó ní òun ò kọ ṣẹ́ẹ̀kì fún ọmọ ẹnikẹ́ni.

Ọ̀gá wa àgbà kò bú mi. Ó fún mi ní bébà funfun, ó ní kí n kọ ọwọ́ ara mi lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Mo kọ ọ́. Ó ní kí n wá méjì tó bá ara wọn mu níbẹ̀. Kò sí. Èyí gùn, èyí kúrú, ìrù èyí kọjá, ti èyí ò dé. Ó wá bi mí pé, "Ìwọ tó o ni ọwọ́ ò lè kọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì kó dọ́gba, báwo ni onírin ṣe ṣe é?" Ẹni yẹn ti gbé ṣẹ́ẹ̀kì lé ọwọ́ onírin kan tó jí níbì kan, ó sì tọ ìlà rẹ̀. Ó ṣe é dáadáa jù. Lọ́jọ́ kejì kúwérì ti dúró dè mí lórí tábìlì.

Nítorí náà, bí ọwọ́ jẹ́sì yẹn bá bá ọwọ́ kan lórí Google mu láìyẹ̀, ọ̀kan nínú méjèèjì ni wọ́n tọ. Mo sì rò pé mo mọ èyí tó jẹ́.

*

Kí n má tíì kúrò níbẹ̀, torí ọ̀rọ̀ náà ní ẹ̀yìn. Lẹ́yìn ti onírin, ojú mi le. Gbogbo ọwọ́ ló di ayédèrú lójú mi. Tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì máa ń ti Òmù-Àrán wá gba owó, mo dá a padà lẹ́ẹ̀mẹta nínú ọ̀sẹ̀ kan pé ọwọ́ rẹ̀ ò jọ ti káàdì. Lẹ́ẹ̀kẹrin ọmọ rẹ̀ obìnrin ló dì í mú wọlé. Ó gbé ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ lé kántà, ó ń gbọ̀n. Àìsàn ti mú apá yẹn láti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ó ní, "Ọmọ mi, ọwọ́ ló ṣàìsàn, èmi náà ni."

Mo sọ èyí fún àwọn tó yára sọ pé "ayédèrú ni" torí pé K ò jọ K. Ọwọ́ èèyàn máa ń yí. Ọdún 1984 ni wọ́n sọ fún Muhammad Ali pé àrùn Parkinson tó ń mú ọwọ́ gbọ̀n ló ń ṣe é, ẹni tó bá gbé ọwọ́ rẹ̀ ti 1970 síwájú, tó fi ń wọn ti 1996, á ṣìnà. Èèyàn ń fọwọ́ sí nǹkan lórí ìrìn, lórí èjìká ẹlòmíì, nínú bọ́ọ̀sì, pẹ̀lú ọgọ́rùn-ún ọmọdé tó ń tì í. Aṣọ jẹ́sì pàápàá máa ń rọ́ lábẹ́ máàkà. Bí ọwọ́ kan bá burẹ́wà, kò túmọ̀ sí pé irọ́ ni.

*

Ẹlòmíì béèrè pé: "Bí jíjọ kì í bá ṣe ẹ̀rí, tí àìjọ náà kì í ṣe ẹ̀rí, kí lẹ̀ ń wò nígbà náà?"

Ìrìn ọwọ́ ni. Bẹ́ ẹ bá ń kọ orúkọ ara yín, ẹ ò rò ó. Bírò ti ń rìn kó tó kan bébà, ó sì ṣì ń rìn nígbà tó ń kúrò. Ìbẹ̀rẹ̀ ìlà náà tín-ín-rín, ìparí rẹ̀ sì fẹ́lẹ́ bí ìrù eku. Ẹni tó ń ṣe ti ẹlòmíì, yíyà ló ń yà á. Á gbé bírò kalẹ̀ ná, á gbọ̀n díẹ̀, á dúró láàárín kó wo àwòkọ, á tún bẹ̀rẹ̀. Bí máàkà bá dúró lórí aṣọ, yíǹkì á ràn níbẹ̀. Ìdí ẹ rèé tí mo fi ní kí wọ́n yí jẹ́sì náà sódì: ibi tí ọwọ́ ti dúró pẹ́ máa ń dúdú kirikiri lódì, ibi tó ti sáré kọjá kì í tó bẹ́ẹ̀. Bí ìdúdú bá wà ní ibi tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dúró, láàárín lẹ́tà, ẹ bi í pé kí ló ń wò nígbà yẹn.

Ẹ dojú àwòrán dé, kí orí di ìsàlẹ̀. Ojú yín ò ní lè ka orúkọ mọ́, ìlà lásán lẹ máa rí. Mo kọ́ èyí lọ́wọ́ ọ̀gá yẹn náà, mi ò sì tíì rí ohun tó dára jù ú lọ tí kò náni ní nǹkan kan.

Bó bá jẹ́ fọ́tò ni wọ́n fọwọ́ sí, ẹ yá dígí kékeré tí àwọn aláago ń fi sójú. Bẹ́ ẹ bá rí àwọn tóótòòtó aláwọ̀ nínú ìlà náà, ẹ̀rọ ló tẹ ọwọ́ yẹn pọ̀ mọ́ fọ́tò. Bí yíǹkì bá kó jọ sí etí ìlà tí àárín rẹ̀ gbẹ, òǹtẹ̀ rọ́bà ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ọjọ́ orí. Máàkà Sharpie jáde ní 1964. Babe Ruth, eléré baseball Amẹ́ríkà tí gbogbo ayé ń wá ọwọ́ rẹ̀, kú ní 1948. Ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù Ruth tí wọ́n fi Sharpie kọ wá, ẹ kí i kú ìrìn. Bákan náà, títí di March 1964, Cassius Clay ni Ali ń jẹ́, "Muhammad Ali, 1962" kò lè wà láyé.

*

Alàgbà kan láti Ìgbàjà: "Ẹ̀yin wọ̀nyí ń fi tọ́ọ̀ṣì fóònù ṣe ògbóǹtarìgì. Ẹ jẹ́ kó fi ránṣẹ́ sí òyìnbó tó mọ̀ ọ́n, kí wọ́n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀."

Bàbá, mo gbà pé òyìnbó mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ti Jámánì fún yín. Ní 1983, ìwé ìròyìn Stern kéde pé ìwé tí Hitler ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ ojoojúmọ́ sí ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn. Owó tí wọ́n ná lé e lórí lé ní mílíọ̀nù mẹ́sàn-án owó Jámánì. Wọ́n gbé e fún àwọn tó mọ ọwọ́ kíkọ, wọ́n fi í wé ìwé mìíràn tí Hitler kọ, wọ́n ní ọwọ́ kan náà ni. Òótọ́ sì ni, ọwọ́ kan náà ni! Oníṣẹ́ ayédèrú kan, Konrad Kujau, ló kọ ìwé náà, òun kan náà ló sì kọ lára àwọn tí wọ́n fi í wé.

Ohun tó tú àṣírí ni bébà. Wọ́n bá èròjà tó ń mú bébà funfun níbẹ̀, èyí tí wọn kò tíì máa lò nígbà ayé Hitler. Iná aláwọ̀ elése àlùkò tí a fi ń wo náírà ayédèrú ní báńkì, irú rẹ̀ ló ń mú kí èròjà yẹn tàn yanran.

Ẹ wò ó dáadáa: àwọn tó wo ọwọ́ ṣìnà, àwọn tó wo ohun tí wọ́n kọ ọ́ sí kò ṣìnà. Ìdí nìyẹn tí mo fi béèrè lébẹ́ẹ̀lì kí n tó béèrè ìbuwọ́lùwé.

*

Ìyá kan láti Àjàṣẹ́-Ìpo ní òun ò rí ìdí tí a fi ń da ara wa láàmú, pé bí ó bá ti múnú bàbá dùn, ó parí. Ìyá mi, ẹ má bínú. Bó bá jẹ́ inú dídùn nìkan ni, kó ra jẹ́sì lásán ní ọjà, kó fi fọ́tò Yẹkínì sínú férémù pẹ̀lú rẹ̀, kó fi ìyókù owó kún ti àgbò. 350,000 yẹn, máàkà ló ń san án fún.

Ẹlòmíì mú ọ̀rọ̀ ìlẹ̀kẹ̀ lántànà wọ̀ ọ́, pé àwọn àgbà Ìlọrin tó ń dán òkúta pupa yẹn kì í béèrè ìwé ẹ̀rí kí wọ́n tó dá ike mọ̀, wọ́n kàn máa gbé e lọ́wọ́ ni, kó tutù, kó wúwo. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n wọ́n gbé e lọ́wọ́. Ìwọ, àwòrán lójú fóònù lo gbé lọ́wọ́.

*

Ọmọ Tánkẹ́ tún padà dé: "Tó bá wá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ gbajúmọ̀ náà fúnra rẹ̀ la ti rà á ńkọ́? Kò sí ìjà níyẹn."

Ìjà wà. Ní 2022, wọ́n ta ìwé tí olórin Amẹ́ríkà Bob Dylan kọ ní dọ́là 599 lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ní ó fọwọ́ sí gbogbo wọn. Àwọn tó rà á ya àwòrán, wọ́n gbé e síra, wọ́n rí i pé ọwọ́ náà ń bára mu bíi ti onírin mi. Ẹ̀rọ tó ń di bírò mú, tí wọ́n ń pè ní autopen, ló kọ ọ́. Ilé ìtẹ̀wé dá owó padà, Dylan sì tọrọ àforíjì. Àwọn tí wọ́n lọ bá ẹgbẹ́ olórin The Beatles ní àwọn ọdún 1960, àwọn òṣìṣẹ́ wọn, Neil Aspinall àti Mal Evans, ló máa ń bá wọn fọwọ́ sí i nígbà míì. Èèyàn á jókòó sílé, á máa sọ fún ọmọ-ọmọ rẹ̀ pé òun gbà á lẹ́nu ọ̀nà wọn, kò sì purọ́.

Neil Armstrong tó kọ́kọ́ tẹ òṣùpá ní tirẹ̀, nígbà tó rí i pé wọ́n ń ta ọwọ́ òun kiri, ó ṣíwọ́ fífọwọ́ sí nǹkan fún àwọn èèyàn ní 1994. Ẹ ò rí i pé 1994 yìí kan náà la ń jà lé lórí.

*

Ará Ọ̀fà ti fi àwòrán ránṣẹ́. Ẹni yẹn kò fẹ́ yí jẹ́sì sódì, ó ní yóò rún. Ó ya lébẹ́ẹ̀lì ìhà nínú. Ẹ fẹ àwòrán náà tóbi. Lábẹ́ ibi tí wọ́n kọ bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́ sí, koodu QR wà níbẹ̀, onígun mẹ́rin dúdú àti funfun tí a ń fi fóònù yà.

1994 ni ilé iṣẹ́ Denso Wave ní Japan gbé QR jáde, wọ́n sì ṣe é kí wọ́n lè máa tọpasẹ̀ ẹ̀yà ọkọ̀. Ọjọ́ kọkànlélógún oṣù June ọdún yẹn náà ni Yẹkínì gbá góòlù wọlé Bulgaria. Ẹ sọ fún mi ẹni tó rán QR mọ́ jẹ́sì rẹ̀ kó tó wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ Dallas. Jẹ́sì yìí, ẹ̀dà ni, wọ́n ṣe é lẹ́yìn ọdún púpọ̀.

Ará Ọ̀fà bi ẹni tó ń tà á. Èsì rẹ̀ rèé: "Mo ṣì í sọ ni, kì í ṣe Dallas, Ìbàdàn ni Yẹkínì ti fọwọ́ sí i lẹ́yìn tó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀."

Ìbàdàn lóòótọ́ ni Yẹkínì ń gbé títí ó fi kú ní May 2012. Mi ò lè fẹsẹ̀ ẹ̀ múlẹ̀ láti orí àga mi ní Kúlẹ́ndé pé kò fọwọ́ sí jẹ́sì yìí rí. Àmọ́ Dallas ni wọ́n kọ síbi gbàǹjo, owó Dallas ni wọ́n ń dá, ìwé ẹ̀rí pẹ̀lú sítíkà rẹ̀ náà Dallas ló jẹ́rìí sí. Tí ìwé bá ti lè jẹ́rìí sí Dallas tí kò ṣẹlẹ̀, kí ló kù tí a fẹ́ gbà gbọ́ nínú rẹ̀?

Mo tún ní kó lọ ka òfin gbàǹjo náà nísàlẹ̀ pátápátá, níbi tí lẹ́tà ti kéré. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé bí ọjà bá ṣe wà ni ẹ rà á, kò sí dídá padà, ẹni tó bá sì rà á yóò fi owó ilé gbàǹjo kún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra nǹkan báyìí, apá ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ kà.

*

Gbàǹjo ti tì lánàá. Ará Ọ̀fà kò dá owó sí i mọ́, ẹlòmíì fi 410,000 gbé e. Ó bi mí bóyá kí òun kọ̀wé sí ẹni náà. Mo ní kó kọ ọ́ ní pẹ̀lẹ́, kó fi àwòrán lébẹ́ẹ̀lì àti ọ̀rọ̀ Ìbàdàn yẹn ránṣẹ́ pọ̀, kí ẹni náà fi wọ́n pamọ́ bí kò bá tilẹ̀ gbà á gbọ́. Ó ti kọ ọ́. A ṣì ń retí èsì.